Bí Olè Bá Wọ Kọ̀ǹpútà Iléeṣẹ́, Ẹ Má Di Ẹ̀bi Ru Akọ̀wé Nìkan



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, àwọn kan nínú wa yóò ní kò kan àwọn. Awakọ̀ tírélà yóò ní ọkọ̀ ni òun ń wà, ẹni tó dúró nídìí ẹ̀rọ yóò ní ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé ni. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: owó oṣù yín, ibo ló ń gbà kó tó dé báńkì? Owó ófátáìmù, owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ, owó alájẹṣẹ́kù tí ẹ fi ń san owó ilé ìwé ọmọ, níbo ni àkọsílẹ̀ wọn wà? Inú kọ̀ǹpútà méjì mẹ́ta tó wà ní ọ́fíìsì náà ni. Ọjọ́ tí olè bá ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ mọ́ wa, gbogbo wa ló kàn.

Iléeṣẹ́ akẹ́rù kan wà ní ìlú Kettering nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Knights of Old ni orúkọ rẹ̀, abẹ́ KNP Logistics ló wà. Láti ọdún 1865 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, tírélà wọn sì tó bíi 500. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn olè orí kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Akira wọlé sí wọn. Ohun tí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ gbà pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n méfò password òṣìṣẹ́ kan, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti gbogbo ìwé ìṣirò pa, wọ́n ba ẹ̀dà tí iléeṣẹ́ fi pamọ́ jẹ́ pẹ̀lú, wọ́n wá ní kí wọ́n sanwó kí àwọn tó ṣí i. Àwọn amòye ṣírò owó náà pé ó lè tó mílíọ̀nù 5 pọ́ùn. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí i? Lóòótọ́ ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ dára fún wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí ìwé ìṣirò tí wọ́n lè fi han ẹni tí ì bá yá wọn lówó, ọ̀nà dí pátápátá. Kí oṣù kẹsàn-án ọdún náà tó parí, iléeṣẹ́ tó ti pé ọdún 158 kógbá sílé, òṣìṣẹ́ bíi 700 sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Ọkọ̀ wọn kò bàjẹ́ o, táyà kò jò, dírẹ́bà kò ṣàìsàn.

Ọ̀gá kan níbẹ̀, Paul Abbott, sọ fún àwọn oníròyìn BBC pé òun kò sọ fún òṣìṣẹ́ náà pé password tirẹ̀ ni olè gbà wọlé. Mo yìn ín. Bó bá ṣe ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín ni, kí ilẹ̀ tó ṣú, kúérì yóò ti dé orí tábìlì akọ̀wé náà.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àwọn àgbà ní kí a lé akátá jìnnà ná kí a tó fi àbọ̀ bá adìyẹ. Wọ́n tún ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ta ló jẹ́ kí ògiri lanu? Nígbà tí akọ̀wé márùn-ún bá ń lo password kan ṣoṣo, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù, ta ni yóò mọ ẹni tó ṣe é? Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọn yóò mú. Nítorí náà, kí olúkúlùkù ní password tirẹ̀, kí ó gùn, kí kọ̀ǹpútà sì máa béèrè kóòdù kejì lórí fóònù, kì í ṣe nítorí olè nìkan, nítorí ààbò tiwa náà ni.

Àtúnṣe kọ̀ǹpútà náà ń kọ́? Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, àrùn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry jà káàkiri ayé. Iṣẹ́ dúró ní àwọn iléeṣẹ́ Renault kan ní Faransé, ó sì dé Nissan ní Sunderland. Láti oṣù kẹta ni Microsoft ti fún gbogbo ayé ní àtúnṣe ihò tí ó gbà wọlé. Ẹni tí kò ṣe é fún oṣù méjì kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ.

Ti ẹ̀dà ìwé ló ká mi lára jù. Ẹ̀dà tí wọ́n fi okùn so mọ́ kọ̀ǹpútà náà tọ̀sán-tòru, olè kan náà ni yóò kó o. Kí wọ́n máa yọ ọ́, kí wọ́n gbé e sí ilé mìíràn, kí wọ́n sì máa dán an wò bóyá ó ń ṣí. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, wọ́n kọlu Norsk Hydro, àwọn alumíníọ̀mù ilẹ̀ Norway, tí òṣìṣẹ́ wọn tó 35,000. Wọn kò san kọ́bọ̀, nítorí wọ́n ní ẹ̀dà. Bébà àti bírò ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó padà bọ̀ sípò, kódà àwọn tó ti fẹ̀yìntì padà wá ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí wọ́n mọ bí a ti ń ṣe é látijọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ìwé káàdì wa rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ ná.

Àwa náà ní tiwa láti ṣe. Má ṣe ki fláàṣì tí o kò mọ orísun rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, má sọ kóòdù fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe máníjà. Bí lẹ́tà bá sọ pé oníbàárà ti yí nọ́ńbà báńkì padà, pè é lórí fóònù tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá sì ṣèèṣì tẹ ohun tí kò yẹ, pariwo lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pariwo bí ariwo bá ń múni pàdánù iṣẹ́? Ohun tí mo ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbé síwájú àwọn ọ̀gá nìyí, kí ó wọ inú ìwé àdéhùn: ẹni tó bá tètè sọ, wọn kò ní fún un ní kúérì.

Kí akápò alájẹṣẹ́kù wa náà máa tẹ àkọsílẹ̀ owó sórí bébà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n lẹ password mọ́ ògiri ní ẹ̀ka tirẹ̀, kó wá sọ fún aṣojú, ṣùgbọ́n kó má ka password náà sókè.