Irúgbìn Ta Ni O Gbìn?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ilé tèmi gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Àbúrò mi obìnrin ń ta aṣọ ní ọjà Téjúoṣó ní Yàbá. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ó lọ sí ìsọjí kan ní apá Mùṣin. Ó gbàdúrà, ó jó, ó sunkún. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí òwò òun gbòòrò jáde wá fi irúgbìn lélẹ̀, àbúrò mi fi ₦300,000 lélẹ̀. Ẹnu yà mí nígbà tí mo gbọ́.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ò mọ̀ pé ẹni tó bá fúnrúgbìn ni yóò kórè?"

Mo ní, "Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n irúgbìn ta ni o gbìn?"

Kò dáhùn. Owó náà kì í ṣe èrè rẹ̀. Owó aṣọ tó gbà láwìn lọ́wọ́ Àlàájà kan ní Balógun ni, ọjọ́ mẹ́jọ péré ló sì kù kí ó san án.

Ẹ má rò pé mo kórìíra ìsọjí o. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí mi sí. Èmi náà ti dúró rí lọ́jọ́ ìkórè, tí mo ń fi ohùn rara pe orúkọ ẹni tó dá owó ńlá. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè rí pé níbo ló ti rí i. Bí mo bá ń báni wí lónìí, ara mi ni mo fi ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ irúgbìn yìí ló mú mi rántí ìtàn àwọn baba wa nígbà ìjọba òyìnbó. Ẹ wo ojú irin tó gba Yàbá àti Mùṣin kọjá lọ sí Agége. Ní Ìfàkò lọ́hùn-ún ni Jacob Kẹ́hìndé Coker ní oko kòkó ńlá sí. Ó wà lára àwọn aṣáájú tó kúrò ní St. Paul's, Breadfruit, ní October 1901, nígbà tí aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìjọ àti bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó lórí ọ̀rọ̀ James Johnson. Wọ́n dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀, owó kòkó sì wà lára ohun tí ìjọ náà fi dúró. Àwọn ọ̀dọ́ a máa ti ìlú òkè wá ṣiṣẹ́ lóko Agége. Bí wọ́n bá ń padà sílé, wọ́n a gbé irúgbìn kòkó dání, wọ́n a sì gbé ìhìnrere dání pẹ̀lú. Irúgbìn méjì nínú àpò kan ṣoṣo! Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí i: oko ló kọ́kọ́ so kí owó kòkó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí owó kòkó sì já wálẹ̀ ní 1920 sí 1921, àwọn olóko Agége jẹ nínú ìyà rẹ̀. Ọjà kò mọ ẹni tó ń ka Bíbélì.

Ìgbà ìnira sì ni ìsọjí máa ń gbóná jù. Nígbà tí àrùn lúkúlúkú jà káyé ní 1918, ẹgbẹ́ aládùúrà kan dìde ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí ọjà ayé wó ní 1929, tí owó kòkó tún já, kò pẹ́ tí ìsọjí ńlá fi bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní 1930. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni Ọlọ́run lò níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń wà. Ní 1928 ó gbọ́ ìpè, ó fi iṣẹ́ àti owó oṣù sílẹ̀. Èrò rọ́ dé Òkè-Ooyè láti ìlú púpọ̀. Wọ́n gbé omi wá fún àdúrà, wọ́n kó oògùn àti òrìṣà wọn jáde, wọ́n dáná sun ún. Ohun ìní tara wọn ni wọ́n kó wá, wọn kò kó ti aládùúgbò.

Mo tún rántí Josiah Akíndayọ̀mi, tó kó àwọn èèyàn díẹ̀ jọ fún àdúrà ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta nítòsí wa níbí ní 1952. Lónìí, Redeemed tó ti ibẹ̀ jáde ti kárí ayé. Nítorí náà n kò sọ pé kí ìjọ Ọlọ́run tòṣì, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni háwọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé ọrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tó mú un wá. Ọba Dáfídì kọ ilẹ̀ ìpakà tí Àráúnà fẹ́ fi ta á lọ́rẹ. Ó san àádọ́ta ṣékélì fàdákà kí ó tó rúbọ níbẹ̀. Ó ní òun kò ní fi ohun tí kò ná òun ní nǹkan kan rúbọ. Ta ni ₦300,000 yẹn ná ní nǹkan? Àlàájà ni! Ẹ̀sìn tirẹ̀ ọ̀tọ̀, owó rẹ̀ wà nínú àpò ìsọjí, kò sì mọ̀.

Àbúrò mi kò sọ fún pásítọ̀ pé owó ọjà ni. Bóyá bí ó bá mọ̀, ìbá dá a padà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi í.

Èmi àti àbúrò mi jọ lọ sí Balógun. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a sọ òtítọ́. Àlàájà wò wá títí, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n n kò tún lè kó aṣọ fún un láwìn mọ́." Ẹ̀yin olójà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ju gbèsè lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò mi fi kó orúkọ yẹn jọ.

Olójà, ya owó ọjà sọ́tọ̀, ya owó ilé sọ́tọ̀. Inú èrè ni kí o ti mú ti Ọlọ́run, kí o sì mú un tayọ̀tayọ̀. Tíṣà, owó tí o yá lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í ṣe tìrẹ títí o fi san án tán. Ẹ̀yin alàgbà tí ẹ ń gbé àwo owó, ẹ kọ́ láti béèrè. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.