Iṣẹ́ Àkọ́kọ́ tí ó Yẹ Awakọ̀ Òfurufú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òwe yìí bá iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ òfurufú mu púpọ̀. Ọ̀dọ́ kan lè yege nínú gbogbo ìdánwò, kí ó gba ìwé àṣẹ, kí ó sì wọ aṣọ iṣẹ́ tí ń dán. Ṣùgbọ́n iye wákàtí tí ó ti lò lójú òfurufú ni àwọn tí yóò gbà á síṣẹ́ yóò kọ́kọ́ béèrè. Wákàtí wọ̀nyí ni àkísà awakọ̀. Báwo ni yóò ṣe kó wọn jọ? Irú iṣẹ́ wo ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbà? Èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí á gbé yẹ̀ wò.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti gba ìrònú jù lọ, nítorí òfin wọn. Ẹni tí ó bá ti fò tó 250 wákàtí níbẹ̀ lè gba ìwé àṣẹ tí yóò fi máa gba owó nídìí ọkọ̀ wíwà. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè wa ọkọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń kó èrò, ó níláti ní 1,500 wákàtí. Òtítọ́ ni pé a dín in kù sí 1,000 fún àwọn kan tí ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú iṣẹ́ náà ní yunifásítì, àti sí 750 fún àwọn awakọ̀ ológun. Síbẹ̀, 1,250 wákàtí ni ó dùbúlẹ̀ síwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó lè fi owó ara rẹ̀ rà wọ́n tán. Iṣẹ́ ni àwọn yòókù fi ń wá wọn.

Oríṣìíríṣìí ni iṣẹ́ náà. Àwọn kan a máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọkọ̀ wíwà. Àwọn mìíràn a máa fi ìkọ́ gbé aṣọ gígùn tí a kọ ìpolówó ọjà sí, wọn a sì máa wọ́ ọ kiri lókè etíkun kí àwọn tí ń gbádùn afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀ lè kà á. Òmíràn a máa fò nítòsí ilẹ̀ tẹ̀lé ọ̀pá epo, kí ó lè rí ibi tí epo bá ti ń jò. Òmíràn a máa gbé àwọn tí ń fi agboòrùn ńlá bẹ́ sílẹ̀ lọ sí òkè tí ó ju 10,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Bí wọ́n bá ti bẹ́ tán, yóò sáré padà wálẹ̀ wá gbé àwọn mìíràn. Àwọn kan sì ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè, tí wọn a máa lọ, tí wọn a máa bọ̀ lójú ìlà tóóró fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó gbà pé wákàtí kan kò yàtọ̀ sí òmíràn, àti pé iṣẹ́ tí yóò tètè mú iye náà pé ni ó dára jù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó fi ọdún mẹ́wàá kọ ebè kan náà lórí ilẹ̀ kan náà kò lè mọ ohun tí ẹni tí ó gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ mọ̀, ẹni tí ó rí ọ̀dá, tí ó sì rí àkúnya omi. Iye ọdún kọ́ ni a fi ń mọ àgbẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ni.

Ìdí tí a fi ṣe òfin 1,500 wákàtí yìí gan-an jẹ́ ẹ̀rí sí ohun tí mo ń wí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé, ọdún 2009, ọkọ̀ Colgan Air kan tí ó gbéra láti Newark já lulẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé Buffalo. Gbogbo ènìyàn 49 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú, pẹ̀lú ẹnì kan nínú ilé tí ó já lé. Ìwádìí fi hàn pé ìyára ọkọ̀ náà dín kù jù, ọ̀pá ìdarí sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n láti ṣe ìkìlọ̀. Ó yẹ kí ọ̀gá awakọ̀ ti ọ̀pá náà síwájú, kí imú ọkọ̀ lè rẹlẹ̀, kí ìyára rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò. Ńṣe ni ó fà á sẹ́yìn. Ìbànújẹ́ yìí ni ó mú kí ìjọba ṣe òfin tuntun ní ọdún 2010, tí 1,500 wákàtí sì di dandan fún igbákejì awakọ̀ pẹ̀lú ní ọdún 2013. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí: àwọn awakọ̀ méjèèjì tí ó wà nínú ọkọ̀ yẹn ni ó ti fò ju 1,500 wákàtí lọ kí ọjọ́ náà tó dé. Wákàtí pé lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ó yẹ kí ọwọ́ ṣe lójú ẹsẹ̀ ni kò wá.

Nítorí náà, bí a bá ní kí n yàn, iṣẹ́ olùkọ́ ni n ó mú. Olùkọ́ a máa mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìyára ọkọ̀ dín kù lókè réré, títí afẹ́fẹ́ kò fi ní gbé ìyẹ́ rẹ̀ mọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ bí a ti ń gba ọkọ̀ náà sílẹ̀. Yóò rí ẹni tí ẹ̀rù bà tí ó fa ọ̀pá sẹ́yìn, yóò sì tún un ṣe. Ohun tí a bá fi ẹnu ṣàlàyé fún ẹlòmíràn lójoojúmọ́, ọwọ́ kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Ó tún ń kọ́ láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó fi í sílẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé olùkọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni. Ọwọ́ ẹni tí ń wọ́ aṣọ ìpolówó lè já fáfá ju tirẹ̀ lọ, ẹni tí ń gbé àwọn afagboòrùn sì lè balẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. N kò kẹ́gàn wọn. Bákan náà, ẹni tí kò fẹ́ràn ìkọ́ni, tí ó kàn ń ka wákàtí lójú akẹ́kọ̀ọ́ tí ń san owó, ibi ni ó ń ṣe. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yòówù tí ó bá fẹ́ gbà, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni iṣẹ́ yìí yóò kọ́ mi tí n kò mọ̀: ìfò òru ni, tàbí ìfò nínú àwọsánmà? Ta ni ń tún ọkọ̀ náà ṣe, ṣé wọ́n sì ń kọ àbùkù rẹ̀ sílẹ̀? Lọ́jọ́ tí mo bá wí pé ojú ọjọ́ kò dára, pé n kò ní fò, kí ni ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò wí? Bí ó bá jẹ́ pé yóò dáhùn pé ẹlòmíràn ń dúró de iṣẹ́ náà, kí ọ̀dọ́ náà tètè kúrò níbẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó béèrè owó oṣù. Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yìí wọ́n, àti pé gbèsè ń lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n òkú kì í san gbèsè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, bóyá ọkọ̀ òfurufú ni ẹ óò wà, tàbí aláìsàn ni ẹ óò máa tọ́jú, ẹ má ṣe fi iye ọjọ́ nìkan wọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín. Èrò tí ó jókòó sẹ́yìn kò rí ìwé tí a kọ wákàtí sí. Ọwọ́ ẹni tí ó di ọ̀pá ìdarí mú ni ẹ̀mí rẹ̀ wà.