Àwọ̀ Ìyeyè Fẹ́ẹ́rẹ́ Lára Ògiri Ilé

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí Mọ́níyà, Láláùpọn, Ẹgbẹ́dá tàbí Akánrán sábà máa ń fẹ́ kun inú rẹ̀ ní funfun, nítorí pé funfun ni wọ́n kà sí ìmọ́tótó. Kí ọyẹ́ kan ṣoṣo tó kọjá, eruku ilẹ̀ pupa ti sọ ìmọ́tótó náà di ìtàn. Ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́, tó dùn ún wò bí oòrùn àárọ̀, ló bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu jù. Fèrèsé ọ̀pọ̀ yàrá níbẹ̀ kéré, páànù ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì tún bo ìmọ́lẹ̀. Lóòótọ́, funfun ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà jù, ṣùgbọ́n nínú òjìji ńṣe ló máa ń rí bí eérú.

Orúkọ ló kọ́kọ́ ń fa wàhálà. Pupa ni àwọn àgbà ń pe epo, ìyeyè àti ọsàn tó pọ́n, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá béèrè ọ̀dà pupa lọ́jà yóò gbé ohun tí kò fẹ́ wálé. Ó ṣeni láàánú pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé kò sí orúkọ mìíràn ju “kíríìmù” lọ, nígbà tí gàrí wà nínú ilé. Gàrí tí wọ́n fi epo sí ti pọ́n jù. Gàrí ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, irú èyí tí IITA ní Ìbàdàn kópa nínú rẹ̀, tí wọ́n sì gbé jáde fún àwọn àgbẹ̀ ní 2011, ló sún mọ́ ọn jù. Kí onílé di ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ọ̀rá, kí ó gbé e lọ fún ọlọ́dà.

Kí ó má sì gba páálí kékeré tí wọ́n fi ń júwe àwọ̀ gbọ́. Àwọ̀ náà a máa pọ́n sí i tó bá di ògiri mẹ́rin, nítorí pé ògiri kan ń tan àwọ̀ sára èkejì. Kí ó kun díẹ̀ wò, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Gílóòbù funfun lè mú kí ìyeyè fẹ́ jọ àwọ̀ ewé.

Òjé ló yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún jù lọ. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi èròjà olójé pa ọ̀dà elépo láró ìyeyè. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣe é, tó jáde ní 2007, fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀dà tí wọ́n yẹ̀ wò ní Nàìjíríà ló ní òjé ju ìwọ̀n 600 nínú mílíọ̀nù kan, tí í ṣe òdiwọ̀n Amẹ́ríkà nígbà náà. (Àwọn ọlọ́bàtálá ń fi òjé sọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi í bọ́ ọmọ.) Ìsàlẹ̀ ògiri, tí wọ́n ń fi ọ̀dà elépo kùn kó lè ṣeé fọ̀, gan-an ni ọmọ tó ń rákòrò ń fọwọ́ kàn, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ̀múṣọ̀n, ìyẹn ọ̀dà olómi, ni kí wọ́n fi kun ògiri látòkè dé ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sára agolo rẹ̀ pé kò ní òjé. Bí akunlé bá ní ìsàlẹ̀ yóò tètè dọ̀tí, kí wọ́n tọ́jú ìyókù agolo fún àtúnkùn. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá sì wà láti ha kúrò, kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi rin ín, kí àwọn ọmọdé lọ sí ilé kejì títí wọn yóò fi nu ilẹ̀ tán.