Ásíìdì Tí A Lò Kì Í Ṣe Omi Ìdànù

Páànù onísíǹkì tí ó bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wa, láti Kánò títí dé Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì, ti gba inú ásíìdì kọjá kí ó tó dé orí òrùlé. Nígbà tí wọ́n bá na irin gbígbóná di pẹlẹbẹ, èèpá dúdú a máa bò ó lára. Síǹkì tí kì í jẹ́ kí páànù tètè dógùn-ún kò lè lẹ̀ mọ́ irin eléèpá. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ irin ṣe ń rì í sínú ásíìdì títí yóò fi mọ́.

Iṣẹ́ rere ni, a kò bẹnu àtẹ́ lù ú. Ohun tí ọkàn wa kò balẹ̀ sí ni ibi tí ásíìdì ọ̀hún ń gbà lẹ́yìn tí agbára rẹ̀ bá ti dínkù. Oró rẹ̀ kì í tán, irin tí ó jẹ sì ti yòrò sínú rẹ̀. Bí a bá dà á sí gọ́tà, ó lè wọ ilẹ̀ lọ títí dé inú kànga ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọgbọ́n tí ó borí èyí ti wà tipẹ́. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ irin ńláńlá ní Yúróòpù àti Éṣíà, wọn a máa fọ́n ásíìdì háídíróklóríìkì tí wọ́n ti lò sínú ìléru tí ó gbóná ju 600°C lọ. Ásíìdì a yọ jáde bí èéfín, omi a gba èéfín náà, yóò sì tún di ásíìdì tí ó ṣeé lò. Nínú ìdá 100, nǹkan bí ìdá 99 ni ó ń padà bọ̀. Irin inú rẹ̀ a di ìyẹ̀fun pupa tí àwọn tí ń ṣe ọ̀dà àti òòfà ń rà. Ní ti ásíìdì sọ́fúríìkì, ìbátan omi bátìrì ọkọ̀, bí wọ́n bá mú un tutù, irin inú rẹ̀ a dì bí iyọ̀ aláwọ̀ ewé, èyí tí ó kù a sì tún wúlò.

Àwọn kan yóò wí pé owó irú ìléru bẹ́ẹ̀ ju agbára ilé-iṣẹ́ kékeré lọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo kì í dá èésú. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ àgbègbè kan bá da owó pọ̀, tí ìjọba sì ràn wọ́n lọ́wọ́, ìléru kan lè tó gbogbo wọn. Kí ó tó di ìgbà náà, ó di dandan kí wọ́n fi ẹfun pa oró rẹ̀, kí wọ́n sì kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sí ibi tí òfin yàn.

Májèlé tí wọ́n kó láti Ítálì wá dà sí Kókó ní ọdún 1988 ni ó ta ìjọba jí sí ọ̀ràn báyìí. A dá àjọ NESREA sílẹ̀ ní ọdún 2007, òfin lórí ilé-iṣẹ́ irin sì jáde ní ọdún 2011. Òfin wà, ẹni tí yóò ké sí i ni a ń wá.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, púpọ̀ nínú yín ni ó ń dákẹ́ nítorí òwe tí ó ní ojú ni àlejò ní, kò fi í ríran. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbẹ́ kànga, tí ó bímọ, tí ó sì ń san owó orí ní ìlú kan, kì í tún ṣe àlejò sí omi ibẹ̀. Bí omi kànga yín bá yí àwọ̀ padà tàbí tí ó kan lẹ́nu, ẹ má ṣe mu ún. Ẹ fi tó ẹgbẹ́ yín létí, kí ẹgbẹ́ bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀, kí gbogbo yín sì jùmọ̀ kọ̀wé sí àjọ náà. Kànga onílẹ̀ àti kànga àlejò, omi kan náà ni ó ń sun sínú wọn.