Jíìpù onílẹ̀kùn méjì àbí ti mẹ́rin? Ẹ ka orí kẹ́ ẹ tó ka owó

Ní ìlú Ìbàdàn, mọ́tò tó bá ti ga nílẹ̀, tí táyà ẹ̀ sì tóbi, jíìpù lorúkọ ẹ̀. Ì báà jẹ́ Suzuki, ì báà jẹ́ Toyota, ì báà jẹ́ Land Rover, àwọn èèyàn ò ní wádìí ilé bàbá ẹ̀, jíìpù ni wọ́n máa pè é. Ṣùgbọ́n jíìpù ju jíìpù lọ o. Oríṣi méjì kan wà tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín tọkọtaya tó bá fẹ́ fi owó àlájẹṣẹ́kù ra mọ́tò: onílẹ̀kùn méjì àti onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ọkọ á ní kúkúrú lòun fẹ́, pé ó dùn ún wò, pé mọ́tò géńdé ni. Ìyàwó á bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Dádì, ibo ni Màmá máa gbà dé ẹ̀yìn?"

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Òun gan-an ló yẹ kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1958, Land Rover ti ní kúkúrú tí wọ́n ń pè ní 88, ó ní gígùn tí wọ́n ń pè ní 109. Iye ínǹṣì tó wà láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Ará Ìbàdàn mọ̀ ọ́n dáadáa, torí iléeṣẹ́ Leyland tó wà níbí ń to Land Rover pọ̀ nígbà kan. Range Rover dé ní 1970, pẹ̀lú gbogbo ọlá ẹ̀, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sẹ́yìn, kó yáa tẹrí ba. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ kí iléeṣẹ́ náà tó gbé onílẹ̀kùn mẹ́rin jáde ní 1981. Toyota kọ́kọ́ gbé RAV4 kúkúrú jáde ní 1994, ó di 1995 kí gígùn tó tẹ̀ lé e. Suzuki Jimny tuntun dé ní 2018, ó di 2023 kí wọ́n tó fi onílẹ̀kùn mẹ́rin han aráyé ní Íńdíà. Gbogbo wọn ló ti kúkúrú bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn náà ló padà wá fi ilẹ̀kùn kún un.

Kí ẹni tó fẹ́ rà á má baà ṣìnà, iléeṣẹ́ máa ń ka ilẹ̀kùn ibi ẹrù mọ́ ọn. Tí ìwé bá pè é ní onílẹ̀kùn mẹ́ta, méjì tí èèyàn ń gbà wọlé ni. Tó bá pè é ní márùn-ún, mẹ́rin ni.

Jimny ló rọrùn jù láti fi wé ara wọn, nítorí ẹńjìnnì lítà 1.5 kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ti kúkúrú, mítà 2.25 ló wà láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn. Ti gígùn jẹ́ mítà 2.59. Ìyàtọ̀ wọn ò ju sẹ̀ǹtímítà 34 lọ, díẹ̀ ló fi ju rúlà ọmọ iléèwé lọ. Àmọ́ rúlà kan yẹn ló yí gbogbo nǹkan padà.

Ẹ wo inú Agbowó, níbi tí ilé ti fara kan ilé. Kúkúrú lè yí po láàárín nǹkan bíi mítà mẹ́wàá. Gígùn á gbà ju mọ́kànlá lọ. Ibi tí kúkúrú ti yí lẹ́ẹ̀kan, gígùn lè ní láti padà sẹ́yìn kó tó yí tán. Lọ́nà oko ní Ìdó tàbí Ọ̀nà Àrà, tí òjò bá ti wa ilẹ̀ di gegele, kúkúrú á gun gegele náà kọjá, nígbà tí gígùn lè fi ikùn jókòó lé e, kí táyà máa yí lásán. Ẹni tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń lọ sóko, tàbí òun àti lébìrà kan, kúkúrú tó o, ẹnikẹ́ni má bá a jà.

Tó bá dé Dùgbẹ̀ ńkọ́? Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn méjì máa ń fẹ̀, torí ojú kan náà lará iwájú àti ará ẹ̀yìn ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá ti páàkì mọ́tò mìíràn mọ́ ọn, kò ní lè ṣí tán. Tó bá wá di ọjà Bódìjà, tí wọ́n ra iṣu, ẹ̀wà àti ata, ibi ẹrù Jimny kúkúrú kò gbà ju lítà 85 lọ tí àga ẹ̀yìn bá wà nídùúró. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́ta ti kún un. Ti gígùn gba lítà 208, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ. Wọ́n lè ká àga ẹ̀yìn kúúkú sílẹ̀, àmọ́ ibo làwọn ọmọ fẹ́ jókòó?

Màmá ńkọ́, tí orúnkún ń dùn? Ẹni iwájú á kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, wọ́n á tẹ àga ẹ̀ síwájú, Màmá á ká ìró lọ́wọ́, á gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, gèlè á kọ́ òrùlé. Tí wọ́n bá dé òde, wọ́n á tún gbogbo ẹ̀ ṣe lójú àwọn àna. Ẹni tó ra jíìpù tí kò lè fi gbé ìyá ẹ̀ láìdójú tì í, ọlá wo ló wà ńbẹ̀?

Èyí tó ju ìtìjú lọ ni ẹ̀mí. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ará ẹ̀yìn nínú onílẹ̀kùn méjì ò lè tètè jáde àfi tí àga iwájú bá yẹ̀ fún un. Mọ́tò tó kúrú, tó ga, tó tún tẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe mọ́tò eré pẹ̀lú. Ní 1988, ẹgbẹ́ Consumers Union tó ń yẹ ọjà wò fún aráàlú ní Amẹ́ríkà kéde pé Suzuki Samurai, jíìpù kékeré ìgbà yẹn, máa ń tètè dojú dé. Suzuki ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1996, ó sì di 2004 kí wọ́n tó parí ẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹni tí ẹjọ́ ì báà dá láre, kò sí awakọ̀ tó gbọ́n tó máa yí ọwọ́ jíìpù kúkúrú lójijì lórí eré.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni wọ́n fẹ́ rà ní Ring Road tàbí Challenge, kí wọ́n mú mẹkáníìkì dání, kí wọ́n sì mú ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn dání pẹ̀lú. Kónítọ̀hún wọlé, kó jáde, kó tún wọlé. Kí wọ́n tẹ àga iwájú lọ, kí wọ́n fà á bọ̀, torí irin tó gbé e máa ń jìyà lára onílẹ̀kùn méjì. Kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, kí wọ́n wò ó bóyá ó ti wọ́lẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn tó gùn wúwo.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò wá mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀, àga ọ̀tọ̀. Jimny onílẹ̀kùn mẹ́rin yẹn, èèyàn mẹ́rin náà ló ń gbé, bíi ti kúkúrú. Ìyá, bàbá àti ọmọ mẹ́ta ò lè bá a délé. RAV4 gígùn ń gbé márùn-ún ní tiẹ̀. Nítorí náà, àpọ́n àti olóko lè mú onílẹ̀kùn méjì. Tọkọtaya ọlọ́mọ kan, tí Màmá ń gbé lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n lọ mú onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ẹni tí tiẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó ka àga kó tó ka ilẹ̀kùn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.