Lo Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ Láti Kọ́ Iṣẹ́ Ilé Yín

Ìwọ ọmọdé tí ò ń ka ìwé yìí, kí ni o máa ń fi ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ṣe? Láti ìparí oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹsàn-án, kò sí agogo ilé-ìwé, kò sí iṣẹ́ àmúrelé. Àwọn ọmọ kan máa ń sùn títí oòrùn yóò fi yọ gan-an. Àwọn mìíràn kì í kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù. N kò sọ pé eré kò dára. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ yẹ kí ó sinmi. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ó yẹ kí olúkúlùkù ọmọ fi apá kan nínú ìsinmi náà kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan lọ́dọ̀ àgbà ilé rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀.

Alaró ni ìyá tí ó bí ìyá mi ní Òṣogbo, ìlú tí a mọ̀ sí ìlú aró. Ọ̀dọ̀ wọn ni a máa ń lọ nígbà ìsinmi. Oṣù Kẹjọ máa ń dùn púpọ̀ nínú ilé náà. Iṣu tuntun ti dé ọjà, odó kì í sì í sinmi. Àwọn ẹbí tí ó wà ní ìdálẹ̀ máa ń wá sílé nítorí ọdún Ọ̀ṣun. A máa ń wo àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń tàn lálẹ́. A tún máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti wo Arugbá bí ó ti ń ru igbá lọ sí Igbó Ọ̀ṣun. Ní ọdún 2005 ni àjọ UNESCO ka igbó yìí mọ́ àwọn ibi àjogúnbá tí ó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n kí ariwo ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni ìyá àgbà máa ń wà, nídìí ìkòkò aró. Wọn a gún ewé ẹ̀lú nínú odó, wọn a mọ ọ́n roboto, wọn a sì sá a sí oòrùn kí ó gbẹ. Wọn a kó eérú sínú ìkòkò tí a lu ihò sí nídìí, wọn a sì da omi sí i. Omi tí ó bá ro sílẹ̀ láti inú rẹ̀ ni wọn a fi rẹ ẹ̀lú náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni aró yóò tó ṣeé lò. Ohun ìyanu kan wà níbẹ̀: bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú aró, ó máa ń dà bí ewé tútù. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, àwọ̀ aró yóò yọ lójú rẹ. Wọn a tún un rì, wọn a tún un sá, títí yóò fi dúdú dáadáa.

Orúkọ adìrẹ fúnra rẹ̀ sọ ohun tí ó jẹ́: a dì í, a sì rẹ ẹ́. Bí a bá fi ìko dì í, adìrẹ oníko ni. Bí a bá fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sí i pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, adìrẹ ẹlẹ́kọ ni, nítorí ibi tí ẹ̀kọ bá wà kò ní gba aró. Ọnà kan wà tí ń jẹ́ Ìbàdàndùn. Òpó gbọ̀ngán Mápó wà nínú rẹ̀.

Ìyá àgbà máa ń pè mí pé, "Ọmọ mi, wá bá mi di èyí." Mo máa ń sá. Mo ní aró ń rùn. Mo ní bí ọwọ́ mi bá dúdú, àwọn ẹgbẹ́ mi yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí a bá wọlé. Mo máa ń dáhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ó di ọ̀la." Ọ̀la náà kò dé tí ìyá àgbà fi kú. Tí wọ́n bá ti gbóòórùn aró, wọ́n ti mọ̀ bóyá ó ti tó. Wọn kò kọ ìyẹn sínú ìwé kankan. Lónìí, omi òjò ni a ń fi ìkòkò wọn gbè. Mo lè sọ bí a ṣe ń ṣe aró, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ ọ́ fún ọ yìí, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe é. Ọ̀tọ̀ ni kí a mọ ọ̀rọ̀ sọ, ọ̀tọ̀ ni kí a mọ iṣẹ́ ṣe.

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀kọ́ ìwé ni ó yẹ kí ọmọ gbájú mọ́. Òótọ́ ni pé ìwé ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń pín aṣọ sí ọ̀nà mẹ́jọ ọgbọọgba kí ó tó dì í, ṣé kì í ṣe ìṣirò ni ó ń ṣe? Àwọn ọmọkùnrin lè sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni. Lónìí, tọkùnrin tobìnrin ni ó ń ṣe adìrẹ ní Òṣogbo àti ní Abẹ́òkúta. Àwọn mìíràn lè sọ pé ẹ̀rọ òkè òkun ti ń tẹ aṣọ tí ó jọ adìrẹ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a ní àwọn tí ó mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú.

Àwọn òbí kan sì ń bẹ̀rù pé ọdún ìbílẹ̀ lè mú ọmọ kúrò nínú ẹ̀sìn rẹ̀. Bí òbí rẹ kò bá fẹ́ kí o lọ sí ojúbọ, gbọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n aṣọ dídì, ẹní híhun, iyán gígún àti oríkì kíkọ́ kì í ṣe ẹ̀sìn. Mùsùlùmí, ọmọ lẹ́yìn Kírísítì àti oníṣẹ̀ṣe ni wọ́n jọ ni wọ́n.

Bí kò bá sí alaró nílé yín, iṣẹ́ mìíràn wà. Ìṣẹ́yìn ní aṣọ òfì, Ọ̀yọ́ ní igbá fínfín, Ìlọrin ní ìkòkò mímọ. Béèrè lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ ohun tí ilé yín ń ṣe tẹ́lẹ̀. Jókòó ti àgbà tí ó mọ̀ ọ́n, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é. Ṣọ́ra o: àwọn aláró kan ń lo sódà, sódà sì lè bó ènìyàn lára. Má fọwọ́ kan ohun tí àgbà kò bá fún ọ.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí àgbà ilé yín bá pè ọ́ nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, má ṣe sọ pé ó di ọ̀la.

Ìbéèrè
1. Kí ni èrò ẹni tí ó kọ àyọkà yìí nípa ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín adìrẹ oníko àti adìrẹ ẹlẹ́kọ?
3. Kí ló dé tí òǹkọ̀wé kò fi lè ṣe aró?
4. Ṣé o gbà pẹ̀lú rẹ̀? Sọ ìdí méjì.