Owó Ń Bẹ Nínú Ewé Mọ́ínmọ́ín, Kí Wọ́n Má Gé Igbó Tán

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ igbó ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá rò pé gẹdú nìkan ló wà níbẹ̀, kò tíì wọ igbó dénú.

Ewé mọ́ínmọ́ín, tí wọ́n tún ń pè ní ewé eéran, jẹ́ ẹ̀rí. Abẹ́ ìbòòji igi ló ti ń hù. Àwọn ìyá tó ń já a ń dì í ní ìdì-ìdì lọ sọ́jà, owó rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gbọ́ bùkátà ilé. Bí wọ́n bá já èyí tó gbó, tí wọ́n fi ọ̀dọ́ ewé àti gbòǹgbò sílẹ̀, yóò tún hù. Èso pupa tó ń so nísàlẹ̀ rẹ̀ náà kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé lásán. Àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun ń yọ adùn kan tí wọ́n ń pè ní thaumatin lára rẹ̀, èyí tó fi nǹkan bí ìlọ́po 2,000 dùn ju ṣúgà lọ.

Ṣùgbọ́n bí agégẹdú bá gbé ayùn wọlé, tí ìbòòji lọ, ewé náà á lọ. Ẹ wo igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí J4. Láti ọdún 1977 ni àjọ UNESCO ti kà á mọ́ àwọn igbó tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò, erin ṣì ń gbé níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn agégẹdú àti àwọn tó ń dá oko kòkó kò yéé wọ ibẹ̀. Owó ìrókò kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Owó ewé, ọdọọdún ni.

Ọjà ewé sì tún lè gbòòrò. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ike fọ́ọ̀mù funfun tí àwọn olóúnjẹ ń bu oúnjẹ sí, nítorí pé ó ń dí gọ́tà. Ewé ní tirẹ̀, jíjẹrà ló ń jẹrà.

Àmọ́ ọjà nìkan kò lè dáàbò bo igbó. Bí owó bá wọ̀ ọ́ tán, tí oníkálukú ń já a láìdáwọ́dúró, òun náà á run. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwọn baálẹ̀ àti òṣìṣẹ́ igbó ọba pe àwọn ìyá wọ̀nyí jókòó, kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí ibi tí wọ́n á ti máa já a, àti ìgbà tí wọ́n á fi í sílẹ̀ kó sinmi. Kí àwọn ìyá náà dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, kí àwọn alárobọ̀ má baà máa rẹ́ wọn jẹ. Kí ìjọba sì rántí pé ẹni tí igbó ń bọ́ ni yóò kọ́kọ́ figbe ta nígbà tí ayùn bá dún lóru.

Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í jẹ iṣu tán láìfi ebu pamọ́. Igbó náà nílò ebu tirẹ̀.